Dókítà ní kí n mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Graves' disease (gẹ̀gẹ̀ tí kókó ọrùn, thyroid, fi ń ṣiṣẹ́ jù), kí lẹ mú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lo carbimazole, òògùn tó ń dín iṣẹ́ kókó ọrùn kù, fún ọdún kan ààbọ̀, mo fi í sílẹ̀, kò pé oṣù mẹ́rin tí àyà mi tún ń lù kìkìkì, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọ́n ti dá mi padà sórí rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Dókítà ní kí n yàn: kí n máa lo òògùn lọ, kí n mu radioiodine (áyódíìnì onítànṣán tó ń pa kókó náà), tàbí kí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Abẹ.

Àdùkẹ́: Abẹ nìkan? Ẹ ṣàlàyé, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni ọdún 38 ni mí, mo fẹ́ tètè lóyún. Tí mo bá mu radioiodine, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, ó dà bíi kí èèrà máa rìn lórí ètè àti ìka mi. Kálísíọ̀mù ló lọ sílẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn, ó lọ.

Bàbá Àgbà: Èmi mu radioiodine ní UCH, Ìbàdàn. Kápúsù kan péré. Kí n má gbé ọmọ-ọmọ mi fún ọjọ́ mélòó kan ló dùn mí jù. Levothyroxine, òògùn tó ń rọ́pò iṣẹ́ kókó ọrùn, ni mò ń lò láràárọ̀ báyìí, kí n tó fẹnu kan nǹkan kan, títí ayé. Bush àgbà, ààrẹ Amẹ́ríkà, náà mu ún ní 1991.

Àdùkẹ́: Ojú tèmi ti yọ síta, bàbá. Wọ́n ní radioiodine lè mú un burú sí i.

Bàbá Àgbà: Òótọ́ ni. Jẹ́ kí dókítà ojú kọ́kọ́ rí ẹ, ọmọ mi.

Ará Òṣogbo: Ṣebí iyọ̀ tó ní áyódíìnì ló ń wo gẹ̀gẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gẹ̀gẹ̀ àìtó áyódíìnì nìyẹn. Tiwa yìí, ara ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ẹ má kó èèyàn ṣìnà.

Ará Ẹdẹ: Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n sọ fún yín pé bí ọ̀fun bá ń dùn yín tí ara sì gbóná, kẹ́ ẹ dáwọ́ carbimazole dúró, kẹ́ ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, torí òògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà lọ sílẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò sọ fún àbúrò mi. Òògùn ibà ló ń lò fún ọjọ́ márùn-ún ká tó gbé e digbadigba.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò sọ fún mi o. Ọ̀fun ń dùn mí láti àná.

Ará Òṣogbo: Ọyẹ́ ni. Gbogbo wa ló ń ṣe.

Ará Ẹdẹ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Mà, ara yín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ó gbóná díẹ̀.

Ará Ẹdẹ: Ẹ má lo tòní. Ẹ dìde báyìí, ẹ sọ fún wọn pé carbimazole lẹ wà lórí rẹ̀.

Bàbá Àgbà: Ìyá Ìbejì?

Ìyá Ìbejì: Mo ti wà nínú Márúwá.