Emacs: ibo ni kí n kọ ètò tó jẹ́ ti fáìlì kan ṣoṣo sí?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Emacs, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ kóòdù, dunjú. Nínú init.el (fáìlì ètò Emacs mi), mo fi setq-default sọ indent-tabs-mode (èyí tó ń pinnu bóyá Tab ni a ó fi máa sún ìlà wọlé) di nil, ìyẹn ni pé mo pa á, torí setq lásán ò ní kọjá bọ́fà (fáìlì tí a ṣí sílẹ̀) tí a bá wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí àwa mélòó kan jọ ń ṣe. Tab ni wọ́n ń lò níbẹ̀, fáìlì kan sì wà tí mo fẹ́ kí fill-column rẹ̀ (ibi tí ìlà ń gùn dé kó tó já) jẹ́ 100, kì í ṣe 70 tí Emacs fúnra rẹ̀ ń lò. Mo kọ èyí sí ìlà àkọ́kọ́:

# -*- fill-column: 100 -*-

Ó gbà. Ṣùgbọ́n Vim, irinṣẹ́ ìkọ kóòdù mìíràn, ni àwọn yòókù ń lò, wọ́n ti ń bi mí pé kí ni ìràwọ̀ yẹn ń wá nínú kóòdù àwọn. Mi ò bá wọn jà.

Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú .dir-locals.el (fáìlì ètò Emacs fún fódà kan), kí n má sì fi í sínú Git tí a fi ń pín kóòdù láàárín ara wa? Àbí .editorconfig (fáìlì ètò tí Emacs àti Vim lè jọ kà) tí gbogbo wa lè jọ lò ló dáa jù? Tó bá jẹ́ .dir-locals.el, báwo lẹ ṣe ń ya fáìlì kan ṣoṣo sọ́tọ̀? Mode (irú kóòdù tó wà nínú fáìlì) àti fódà nìkan ni mo rí i pé ó fi ń pín nǹkan.