Ọmọ ajá ń da agbo àgùntàn rú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà. Ọmọ ajá Border Collie (irú ajá tí wọ́n ń fi da àgùntàn) olóṣù 5 ń fi eyín fa irun àgùntàn mi. Ṣé kí n máa so ó ni?

Èsì: Ó ti yá jù fún un láti máa da àgùntàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè sáré yí agbo po, ló ṣe ń lé wọn láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù 10. Ní báyìí, ẹ fi okùn mítà 10 sí i lọ́rùn, kí ẹ kọ́ ọ ní "wá" àti "dùbúlẹ̀".

Èsì: Òótọ́ ni. Tó bá tó àkókò, àgùntàn 3 sí 5 tó ti mọ ajá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn abiyamọ á fi orí kàn án, ẹ̀rù á sì bà á. Ìṣẹ́jú 10 ti tó lẹ́ẹ̀kan, kí oòrùn tó mú.

Èsì: Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́?