"Ìfalẹ̀" kọ́ ni latency o: èsì sí lẹ́tà àná

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá lórí bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń jọ ṣe iṣẹ́ kan náà ní kí á máa pe latency (àkókò tí ìsọfúnni ń lò kó tó ti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, bó ti wù kó kéré tó) ní "ìfalẹ̀", kí á sì máa pe communication cost (gbogbo ohun tí ìfiránṣẹ́ láàárín wọn ń gbà) ní "owó ìbánisọ̀rọ̀". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ara mi ò gba méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ "owó ìbánisọ̀rọ̀" ní Yábàá níbí, káàdì fóònù ló máa rò. Àkókò ni kọ̀ǹpútà ń ná, kì í ṣe owó. "Àkókò ìfiránṣẹ́" ti tó.

"Ìfalẹ̀" gan-an ni mo bá jà. Ẹni tó bá falẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Àbúrò mi obìnrin ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà Yábàá. Tó bá rán ọmọṣẹ́ lọ ra síìpù ní Balógun, àlọ àtàbọ̀ á gba bíi wákàtí méjì, ì báà jẹ́ síìpù kan, ì báà jẹ́ dọ́sìnnì mẹ́wàá. Ọmọ náà ò falẹ̀ rárá, ọ̀nà ló gba àkókò yẹn. Lọ́jọ́ kan tí aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ: wọ́n rántí síìpù, ó dé tán ni wọ́n rántí òwú, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì. Ilẹ̀ ṣú, ẹ̀wù kan ò tíì parí.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀ náà nìyẹn: T = α + βn. T ni gbogbo àkókò tí ìfiránṣẹ́ kan gbà, n ni iye báìtì tó wà nínú rẹ̀, β ni àkókò tí báìtì kọ̀ọ̀kan ń gbà, α sì ni èyí tí ẹ máa san kódà bó jẹ́ báìtì kan péré. Ká ní α jẹ́ microsecond 50 (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá), tí wáyà sì ń gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nọ́ńbà kan, báìtì 8, máa lo microsecond 0.064 péré lórí wáyà. Ẹ di nọ́ńbà 1,000 pọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, microsecond 114 ni. Ẹ rán wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 50,064.

Mo ti fẹ́ ní kí á pe α ní "ìgbéra". Àmọ́ LogP, ọ̀nà ìṣírò àkókò ìfiránṣẹ́ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà, tí David Culler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1993, ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dúró. Wọ́n tú α palẹ̀. Lẹ́tà o ni àkókò tí ẹ̀rọ fi ń di ẹrù (ìyẹn ìsọfúnni tó ń fi ránṣẹ́) tàbí tú u, tí kò ráyè ṣe nǹkan mìíràn. L ni àkókò tí ẹrù wà lójú ọ̀nà. g ni àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹrù kan àti èkejì. P ni iye ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí ní Òyìngbò mọ gbogbo rẹ̀: kọ́ńdọ́ tó ń pe "Ìdúmọ̀tà! Ìdúmọ̀tà!" tó ń kó èrò wọlé, lẹ́tà o nìyẹn, Afárá Carter ni L, ọkọ̀ tó ń dúró kí ti iwájú kúrò lẹ́nu gáréèjì, g nìyẹn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí ọmọṣẹ́ wà lórí afárá, àbúrò mi lè máa gé aṣọ lọ. A lè fi iṣẹ́ bo L mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń kọ ohun tí ọmọ máa rà síwèé, ọwọ́ rẹ̀ ò sí lórí sísọ́ọ̀sì. Orúkọ kan náà ò lè bo méjèèjì.

Nítorí náà, mo fi "ìrìn" sílẹ̀ fún L, "àlàfo" fún g. Ti lẹ́tà o ló ṣòro. Mo dán "ìdìtú" wò, ó sún mọ́ àdììtú jù, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí á kúkú pè é ní "dídì" lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ránṣẹ́, "títú" lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà.

Ẹni tó sì ní kí á pe parallel computing, ìyẹn kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jọ ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ní "ìṣirò àáró", mo fẹ́ràn èrò yẹn, àmọ́ àáró ni pé ẹ bá mi ro oko lónìí, màá bá yín ro tiyín lọ́la. Àwọn ẹ̀rọ yìí kì í jẹ ara wọn ní gbèsè iṣẹ́. Oko ẹnì kan ni gbogbo wọn ń ro lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn.