Ilé àlejò ìjọba tó wà ní Kyoto

Ọmọlé: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n fi kọ́ ilé àlejò tí ìjọba Jàpáànù ṣí ní Kyoto ní ọdún 2005?

Aṣégi: Kọnkéré onírin ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n lo igi, bébà àfọwọ́ṣe àti ẹní koríko nínú rẹ̀. Tábìlì kan wà nínú yàrá ìjẹun tó gùn tó mítà 12, tí wọ́n fi oje igi kùn léraléra títí tó fi dúdú, tó sì ń dán bíi dígí; káfíńtà ni mí, mo mọ̀ pé ọwọ́ wàdùwàdù kò lè ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé aráàlú lè wọ ibẹ̀?

Aṣégi: Bẹ́ẹ̀ ni, mà, àfi ìgbà tí àlejò ìjọba bá ń lò ó.