Apá àbúrò mi tó ń ju bésíbọ́ọ̀lù ń kú, kóòṣì ní ọ̀lẹ ni

Ọmọ_Alóre:
Salámù àlékúm o ẹ̀yin èèyàn wa. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, pitcher ni, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a, pápá bésíbọ́ọ̀lù tó wà ní Adéwọlé, n'Ílọrin níbí ló ti ń jù ú láti kékeré. Ariwo bọ́ọ̀lù ẹ̀ nínú glọ́ọ̀fù lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ẹ tó rí i. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó ń sọ pé apá ọ̀tún òun ń kú, kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún o, ó kàn máa ń kú ni, tó bá ti ju bíi ogún báyìí ìka ẹ̀ á tutù, á wá funfun bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ látàárọ̀. Lánàá níbi tá a ti ń jẹun alẹ́, ife kùnú já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, màmá wa rò pé ó ń ṣeré ni. Kóòṣì ní ọ̀lẹ ni, pé látìgbà tí wọ́n ti ń yìn ín lorí ẹ̀ ti wú. Màmá ní tiwọn ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ti lọ gba hàǹtú lọ́dọ̀ Álúfà, wọ́n sì ń fi òrí wọ́ apá náà láràárọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìdíje, èmi ò mọ ti ta ni kí n gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá_Ọ̀ffà:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ìgúnpá ni, ibẹ̀ ló máa ń mú gbogbo wọn. Tommy John, pitcher ará Amẹ́ríkà, 1974 ni iṣan ìgúnpá ẹ̀ já, Dókítà Frank Jobe bá yọ iṣan lára ọwọ́ kejì fi rọ́pò ẹ̀. Ọkùnrin yìí padà sórí pápá ní 1976, eré 164 ló tún borí lẹ́yìn ìgbà yẹn! Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ẹ ra báńdéèjì fún un.

Nọ́ọ̀sì_Òmù-Àrán:
Bàbá, ẹ má bínú, ìgúnpá kọ́ rárá. Iṣan tó já á dun èèyàn, apá tó ń kú tó ń tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ò dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Alóre, kó má ju bọ́ọ̀lù kankan mọ́ láti òní, kódà ẹyọ kan. Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n fi òrí yẹn sílẹ̀ ná, torí tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀ wíwọ́ ò dáa fún un. Lálẹ́ yìí ẹ ní kó na apá méjèèjì sókè, kó máa pa ọwọ́ dé kó máa là á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ funfun. Ẹ wá gbé e lọ síbi tí dókítà wà, ẹ má dúró de ìdíje.

Abú_Gàmbàrí:
Wallahi ìtàn J.R. Richard nìyí. Pitcher ẹgbẹ́ Houston Astros ní Amẹ́ríkà, géńdé tó ga tó ẹsẹ̀ 6 àti íǹṣì 8, ọjọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sórí pápá ní 1971 èèyàn 15 ló lé kúrò nídìí igi, tí wọn ò rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ gbá, ní 1979 nìkan ó lé 313. Ìgbà tó di 1980 ó ń pariwo pé apá òun ń kú, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní owó tí wọ́n fún Nolan Ryan, pitcher míì nínú ẹgbẹ́ ẹ̀, ló ń bí i nínú, àwọn míì ní oògùn olóró ló ń mu, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n ń pè lọ́lẹ yẹn ti borí eré 10 lọ́dún yẹn, mẹ́rin péré ló pàdánù. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò ní Júláì, wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún ti dí, síbẹ̀ wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ó lè máa jù díẹ̀díẹ̀! Júláì 30 ló ń ju bọ́ọ̀lù nínú Astrodome ló bá ṣubú, rọpá-rọsẹ̀, ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò tún bá Astros ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje mọ́ láyé. Ní nǹkan bí 1994 abẹ́ afárá ló ń sùn ní Houston yẹn kan náà. Ó padà di oníwàásù, 2021 ló kú. Kóòṣì yín, ẹ bá mi fi èyí hàn án.

Bàbá_Ọ̀ffà:
Háà. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Nọ́ọ̀sì, o ṣeun.

Ọmọ_Alóre:
Ẹ kú àdúrótì o. A ṣe ti apá nínà yẹn, kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọwọ́ ọ̀tún fi funfun, èyí òsì ò ṣe nǹkan kan. Àárọ̀ kùtù la ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkè-Òyì. Dókítà di ọwọ́ ẹ̀ mú níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe gbé apá sókè báyìí ló dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n ní ó jọ pé egungun ìhà òkè àti egungun èjìká ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, Túsìdeè la máa ṣe skáàn. Mo fi ìtàn Richard ránṣẹ́ sí kóòṣì, ó kà á, kò fèsì, lálẹ́ ló wá pè pé báwo ni ọmọ náà. Màmá ti fi òrí sílẹ̀, hàǹtú ni wọ́n ní àwọn ò ní fi sílẹ̀, mi ò bá wọn jà. Àbúrò mi ò tíì sunkún. Ohun tó bi mí ni pé ṣé mo lè bá òun lọ mú glọ́ọ̀fù òun ní pápá, kẹ́lòmíì má lọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.