Áàpù mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta: igi wo ló wà lóko bàbá mi yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà. Èkó ni mo dàgbà sí. Mo mọ àgbálùmọ̀ tí wọ́n bá ti kó o sórí àtẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró lábẹ́ igi rẹ̀, mi ò lè dá a mọ̀.

Igi kan wà lẹ́yìn ahéré tó ga ju òrùlé lọ dáadáa. Ewé rẹ̀ tò ní méjì-méjì sára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó wà lókè ló sì tóbi jù. Mo ya ewé kan ní fọ́tò, mo sì fi han áàpù mẹ́ta tó ń wo fọ́tò dá igi mọ̀. Áàpù àkọ́kọ́ ní ìṣin ni, Blighia sapida ló kọ, ṣùgbọ́n ìdá 31 nínú 100 péré ni ìdánilójú tó fún un. Èkejì ní akíka, Lecaniodiscus cupanioides. Ẹ̀kẹta ní lychee ni, igi ilẹ̀ Ṣáínà!

Àwọn tó ń bá mi ṣán oko fẹ́ gé e lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọmọ ọdún méje ṣa èso pupa kan lábẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé kí òun jẹ ẹ́. Kíá ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di báyìí, àyà mi ṣì ń já. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá Olóko
Ọmọ mi, o kú ìdárò bàbá. Má jẹ́ kí wọ́n gé igi yẹn. Èso tí ọmọ rẹ ṣa yẹn, ṣé ó ti la ẹnu? Ìṣin tó gbó, ẹnikẹ́ni kì í là á. Fúnra rẹ̀ ló ń là lórí igi, wàá rí kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán, tí ẹran funfun bí wàrà gbé wọn dúró. Ẹran yẹn nìkan là ń jẹ. Ìyá wa máa ń já fọ́nrán pupa tó wà lára rẹ̀ dànù kí wọ́n tó fún wa. Kóró dúdú yẹn, má jẹ ẹ́ láé. Èyí tí kò tíì là, májèlé ni.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì
Òótọ́ ni màmá sọ. Hypoglycin ni májèlé inú rẹ̀ ń jẹ́. Kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè pèsè ṣúgà fún ara. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èèyàn á máa bì, á sì lè dákú. Àwọn ọmọdé tí kò jẹun kánú ló tètè máa ń pa. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni igi yìí ti dé Jàmáíkà láyé òwò ẹrú. Òun náà ni wọ́n ń pè ní ackee, tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, àwọn náà sì mọ̀ pé àfi kó là kí wọ́n tó ká a.

Àwọn áàpù yín kò kúkú ṣìnà jìnnà. Ìṣin, akíka àti lychee, ìdílé igi kan náà ni wọ́n, Sapindaceae, ewé wọn sì jọra. Fọ́tò ewé kan ṣoṣo ni kò tó. PlantNet, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń dá ewéko mọ̀, máa ń gba fọ́tò mélòó kan fún igi kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ya iwájú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe so mọ́ ẹ̀ka, èèpo igi, òdòdó bó bá wà, àti inú èso. Èso akíka kéré, kò tó ti ìṣin rárá. Fọ́tò igi ilẹ̀ wa kò pọ̀ tó ti Yúróòpù nínú àwọn áàpù wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń mú igi ibòmíràn wá.

Ọmọ Aṣọ́gbó
Ẹ gbé e sórí iNaturalist pẹ̀lú, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn dá ewéko àti ẹranko mọ̀. Èèyàn ló ń wò ó níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Ẹ fi ojú ibi tí oko wà pamọ́ o, ààyè wà fún un. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ ẹ̀ka kan tó ní ewé àti èso títí yóò fi gbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ní Jericho, Ìbàdàn. Wọ́n ní ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí.

Lẹ́kùlẹ́jà
Ẹ bi àgbà àdúgbò náà léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ Látìn-ín mọ́ èyí tí wọ́n bá dárúkọ, torí orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì láti ìlú kan sí èkejì.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ní kí wọ́n fi igi náà sílẹ̀. Lánàá mo rí méjì tó ti là lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀: kóró dúdú mẹ́ta, bí màmá ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo ya fọ́tò mẹ́fà, ìdá 94 ni ìṣin gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá àgbà kan tó ń kọjá tún yà wá kí mi, ó béèrè bóyá òun ṣì lè máa wá ṣa ìṣin bí òun ti ń ṣe nígbà ayé bàbá mi. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n ti fi èyí tó là àti èyí tí kò là han ọmọ mi, ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì.

Ó ku igi kejì, ẹ̀gbẹ́ kànga. Fọ́tò ewé, èèpo àti òdòdó rẹ̀ ń bọ̀ lálẹ́ yìí.