Sáfà íméèlì méjì: ibo ni kí á kó lẹ́tà sí?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Sáfà íméèlì kan la ní, Postfix tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi í ránṣẹ́, àti Dovecot tó ń jẹ́ kí èèyàn rí lẹ́tà ẹ̀ kà, ló wà lórí ẹ̀. Tí iná bá lọ tí ínfátà náà kú, íméèlì gbogbo wa dúró nìyẹn. Wọ́n ti wá ra sáfà kejì, ilé mìíràn nínú ọgbà la máa gbé e sí, kí ọ̀kan lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Ibi tí lẹ́tà fúnra wọn máa wà ló ń dà mí láàmú. NFS (tó ń pín fáìlì ẹ̀rọ kan fún àwọn yòókù) ni, DRBD (tó ń ṣe àdàkọ dísìkì kan sórí èkejì) ni, GlusterFS ni, àbí Ceph (àwọn méjì yìí ń so dísìkì ẹ̀rọ púpọ̀ pọ̀)? Ìlànà Maildir la fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ná owó tó kù.

Ọmọ Aláàfin: Àbúrò, fi Ceph sílẹ̀. Ó kéré tán, sáfà mẹ́ta ló ń fẹ́. Ní Maildir, lẹ́tà kan fáìlì kan ni, fáìlì kéékèèké rẹpẹtẹ sì máa ń dá GlusterFS lágara. NFS tó bá wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ńkọ́? Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá kú, sáfà méjèèjì di ọlọ́wọ́ òfo.

Ìyá Ìbejì: DRBD lèmi á mú. Lo protocol C: kò ní sọ pé òun ti kọ lẹ́tà tán àfi tó bá ti dé dísìkì méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí dáadáa: má ṣe mount ext4 (ìyẹn ni pé kí o ṣí ètò fáìlì orí dísìkì náà fún lílò) sórí sáfà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, gbogbo ẹ̀ ló máa bàjẹ́. Ọ̀kan ni kó máa ṣiṣẹ́, kí èkejì wà ní ìmúrasílẹ̀. Tí ti àkọ́kọ́ bá kú, Pacemaker, ètò tó ń ṣọ́ sáfà méjèèjì, á gbé àdírẹ́sì IP, dísìkì àti Dovecot lọ síbi kejì.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí wáyà àárín ilé méjèèjì bá wá já ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí fún ọ. Kálukú á rò pé èkejì ti kú, á sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá, lẹ́tà tuntun á wá máa wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni split-brain. Tí wáyà bá padà, ẹ ó ní láti yan èyí tí ẹ máa dànù, lẹ́tà èèyàn sì ni! Ṣètò fencing, kí sáfà kan lè pa iná èkejì kó tó gbaṣẹ́. Má jẹ́ kí àṣẹ ìpaná náà gba orí wáyà kan náà yẹn o. Owó tó kù, fi ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí á máa dìbò ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta lórí sáfà tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Kí òun náà ní ínfátà tiẹ̀.

Ọmọ Aláàfin: Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àbúrò, DRBD kì í ṣe bákọ́ọ̀pù o. Ẹni tó bá pa lẹ́tà rẹ́ níbì kan ti pa á rẹ́ níbi méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Wá dísìkì mìíràn tí wàá máa kó wọn sí lálaalẹ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Mo ti gbọ́ sà, mo ti gbọ́ mà. Láíbìrì wa ní ínfátà tiẹ̀, ibẹ̀ ni màá gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí. Kí n tó kó lẹ́tà gidi sí i, màá kọ́kọ́ yọ wáyà náà wò ná.